Ẹni Tó Ṣáájú Rẹ Wọlé

Ọmọ mi,

Bàbá rẹ ni, ògbólógbòó télọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń wárí fún. Ara mi le koko. Bí ìwé yìí bá rí wúruwùru, ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́. Ayọ̀nù ńlá ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló bù mí jẹ lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ sọ lórí fóònù.

Ó ní ìwé ò yé ọ, o fẹ́ fi yunifásítì sílẹ̀, o sì lé akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ọdún kan ṣáájú rẹ, tó fẹ́ máa tọ́ ọ sọ́nà: "Ṣé ẹgbẹ́ mi ni yóò wá kọ́ mi níwèé?"

Èmi lo jọ. Obìnrin tó ṣáájú mi dé ilé ìfọṣọ yìí lọ́dún kan fẹ́ fi ayọ̀nù yẹn hàn mí. Mo ní, "Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń lọ aṣọ!" Nígbà tí ayọ̀nù náà jó mi, òun náà ló bu omi tútù sí mi lọ́wọ́.

Olùkọ́ ti gbàgbé ibi tí ìwé ti le. Ẹni tó le fún lọ́dún tó kọjá ló ṣì rántí. Jọ̀wọ́, padà tọ̀ ọ́ lọ.

Kí ìyá rẹ. Bá mi kí akẹ́kọ̀ọ́ náà, kó má bínú. Ìdílé alágídí lo ti wá.

Bàbá rẹ