Ilẹ̀ Kò Mọ̀ Pé Dàpọ̀ Ti Kú

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Kí n tó kí yín tán, mo fẹ́ béèrè ohun kan lọ́wọ́ yín. Ṣé ẹ ti rí Dàpọ̀? Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ yín? Bí ó bá ti dé, a jẹ́ pé ẹ ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí kò bá tíì dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí.

Àbúrò mi, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ẹ bí, ti kú. Inú ọyẹ́ tó kọjá ló kú, ní etí adágún omi tó wà lẹ́yìn oko yín, ibi tí wọ́n ti wa tánganran láyé àtijọ́ tí wọn kò dí kòtò rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ kì í jẹ́ kí àwa méjèèjì sún mọ́ ibẹ̀ nígbà tí a wà ní kékeré. Ẹ máa ń dúró láàárín àwa àti omi náà, ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó tó gbìn. Dàpọ̀ ń fi ẹ̀rọ fa omi sí lámbú, oko ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ fi sílẹ̀ fún un. Pòtétò ló gbìn síbẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ tún ẹnu páìpù ṣe, etí omi sì ya mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń bomi rin kábéèjì ní oko kejì sáré wá, ṣùgbọ́n omi náà jìn. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e jáde, ẹ̀rọ ṣì ń fa omi.

Ẹ̀rọ ṣì ń fa omi, Bàbá. Gbogbo ìyókù ni mo lè gbé kúrò lọ́kàn fún ìgbà díẹ̀, àfi ìyẹn. Kò sẹ́ni tó rántí pa á. Ó ń tú omi sí ẹsẹ̀ pòtétò títí epo inú rẹ̀ fi gbẹ.

A sin ín sí ẹ̀gbẹ́ yín. Ilẹ̀ le bí òkúta, dígà ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Àwọn tó wá kí wa ń sọ fún wa pé ilẹ̀ kì í ṣú kó má mọ́. Mo ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ilẹ̀ ń mọ́ lóòótọ́. Ó ń mọ́ lójoojúmọ́, n ó sì tún jí, n ó tún rántí. Kí ni kí ènìyàn ṣe sí irú ilẹ̀ mímọ́ bẹ́ẹ̀?

Rífíkátù ìyàwó rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín jù. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ nígbà ayé yín. Ẹ máa ń ní ọmọ Bẹ́rọ́ọ̀mù yìí ń kúnlẹ̀ kí yín ju èmi tí ẹ bí lọ. Oyún ti wà nínú rẹ̀ nígbà tí Dàpọ̀ kú, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì mọ̀. Ìyá rẹ̀ wá láti Bùkúrù láti mú un lọ sílé, kò tẹ̀ lé e. Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Kabong, ó wọ súwẹ́tà Dàpọ̀, ó kọjú sí ògiri. Bí mo bá fi oúnjẹ sí i lọ́wọ́, á jẹ ẹ́. Bí n kò bá fi sí i lọ́wọ́, kò ní béèrè.

Bàbá Kékeré, àbúrò yín, wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó jókòó sórí àga yín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì sọ fún mi pé Jọ́ọ̀sì ti gba ohun tó tó lọ́wọ́ ìdílé wa, kí n kó ẹrù kí òjò tó dé, kí n mú Rífíkátù dání, kí a máa bọ̀ nílé. Mo gbà. Èmi tí wọ́n bí síbí, tí n kò gbé Ògbómọ̀ṣọ́ rí ju ìgbà ọdún Kérésì lọ, tí wọ́n máa ń fi Yorùbá mi rẹ́rìn-ín níbẹ̀ pé Hausa ti pọ̀ nínú rẹ̀. Mo gbà nítorí pé ó rẹ̀ mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ṣọ́ọ̀bù yín ní Tina Junction, níbi tí ẹ ti kọ́ mi ní iṣẹ́ aṣọ rírán. Mo di àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ sínú páálí, mo fi okùn dì wọ́n.

Ẹ̀ẹ̀rùn náà kò fẹ́ lọ. Eruku bo ewé, ó bo páànù, ó wọ inú omi mímu. Ètè mi là, ó ń ṣẹ̀jẹ̀, mo sì ń rántí bí ẹ ṣe máa ń fi òrí pa wá létè láàárọ̀ kí a tó lọ sílé ìwé, tí ẹ ó ní ọyẹ́ kì í ṣe ìkà, ọ̀nà rẹ̀ ló gba ibí kọjá. Ṣé ẹ gbà á gbọ́, Bàbá, àbí ẹ kàn fi ń tù wá nínú ni?

Nígbà tó yá, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, tòun ti yìnyín. Mo sọ fún Rífíkátù pé mò ń lọ sóko láti kó ọkọ́ àti páìpù, kí n lè kó wọn fún àwọn ará oko kejì kí a tó kúrò nílùú. Ó dìde, ó wọ bàtà, ó tẹ̀ lé mi.

Láti ọjọ́ tí Dàpọ̀ ti kú, ẹnikẹ́ni kò bomi rin oko náà mọ́. Ewé pòtétò ti jóná mọ́lẹ̀ kí òjò tó dé, mo sì rò pé ilẹ̀ lásán la máa bá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a débẹ̀, ewéko tútù ti yọ lórí gbogbo ebè. Rífíkátù kúnlẹ̀, ó fi ìka wú ìdí ọ̀kan. Pòtétò kéékèèké tí kò rí omi dàgbà ti fara pamọ́ sínú ilẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn náà. Bí òjò ṣe kàn wọ́n ni wọ́n hù. Ó nu erùpẹ̀ ara rẹ̀, ó wò ó títí. Ó wá sọ ọ́ ní Hausa, ohùn rẹ̀ kò sókè rárá:

“Ilẹ̀ yìí kò mọ̀ pé Dàpọ̀ ti kú.”

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n tu. Ó ń fà wọ́n, ó ń jù wọ́n sí ọ̀nà ibi tí omi wà. Ó yẹ kí n dá a dúró nítorí oyún inú rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi náà bẹ̀rẹ̀, mo bá a fà wọ́n. Kí ló dé tí wọ́n fi ń hù? Ta ni wọ́n ń hù fún? A tu ebè lórí ebè títí ó fi rẹ̀ wá, a sì jókòó sínú ẹrẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. N kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú. Àlejò pọ̀, oúnjẹ ni mo ń pín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, mi ò bá a nílé. Ọkàn mi lọ tààrà sí omi yẹn. Mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo ń bẹ ẹni tó ń wà á pé kó sáré. Ìgbà tí mo débẹ̀, orí ebè ni mo ti rí i. Ó ń ṣa àwọn tí a fà tu lánàá, ó ń dá wọn padà sínú ilẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ erùpẹ̀ mọ́ wọn nídìí. Mo bi í pé kí ló ń ṣe.

“Wọn kò ṣẹ̀ mí, Anti.”

Mo mú ọkọ́ kejì.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo pe Bàbá Kékeré lórí fóònù pé a kò ní lè wá kí òjò yìí tó tán. Ó bi mí pé ta la ní ní Jọ́ọ̀sì. Bàbá, ṣé ènìyàn lè ka àwọn tó wà nínú ilẹ̀ mọ́ àwọn tó ní?

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ dára lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí òjò wá le gan-an, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti etí bí ẹni pé iná jó o. Ẹ mọ àrùn yẹn. Ó pa oko yín lọ́dún kan tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ẹ sì jókòó sí ìparí ebè títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, acha lẹ gbìn síbẹ̀, ọkà tó kéré bí iyanrìn yẹn, ẹ ní ilẹ̀ tó ti rẹ̀ ni acha fẹ́ràn. Tiwa náà, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló jẹrà. Òórùn rẹ̀ gba oko kan. Rífíkátù dúró wò ó, ó ní ká ní Dàpọ̀ wà ni, ì bá ti bú pòtétò wọ̀nyí ní èdè mẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti inú ọyẹ́. A wú ìwọ̀nba tó kù, a jẹ díẹ̀, a fi díẹ̀ ṣe irúgbìn.

Ọjọ́ tí ó máa bímọ, àgbàrá ti gba ọ̀nà Kabong, ọkọ̀ kankan kò lè wọlé. Ìyá kan ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fi ẹsẹ̀ wọ́ omi wá gbẹ̀bí rẹ̀. Òjò ń lu páànù débi pé a kò gbọ́ ohùn ara wa. Nígbà tí ọmọ jáde, ẹnu rẹ̀ là, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ nǹkan kan. Rífíkátù ń wò mí, èmi ń wo nọ́ọ̀sì. Mo sọ nínú mi pé ó ti tán, a tún ti pàdánù èyí náà. Òjò wá dẹwọ́ díẹ̀, a sì gbọ́ ọ. Ó ti ń ké láti ìgbà yẹn.

Obìnrin ni. Bàbá Kékeré wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ó fẹ́ kí á pè é ní Ìyábọ̀ nítorí Màámi, kí á sì fi orúkọ kan kún un tí yóò máa rán wa létí Dàpọ̀. Rífíkátù tí kì í bá àgbà jiyàn kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fi Yorùbá rẹ̀ tí kò yára sọ pé:

“Ẹ má bínú, sà. Kò ní gbé ẹrù òkú. Ẹ jẹ́ kó wá fún ara rẹ̀.”

Ó wá kọjú sí mi, ó bi mí pé kí ni Yorùbá ń pe ọmọ tó bá òjò dé. Mo ní Béjídé là ń pè é. Bàbá Kékeré fi omi kan ọmọ náà lẹ́nu, ó pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń padà lọ, kò tún sọ̀rọ̀ ẹrù kíkó mọ́.

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí. Atẹ́gùn tó ń ti orí òkè wá láàárọ̀ ti ń mú. Ẹ̀rù ọyẹ́ ń bà mí, Bàbá, n kò ní purọ́ fún yín. Òjò tí mo fi gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn retí, òun náà ló mú àrùn wá sóko, òun náà ló mú Béjídé wá sílé, n kò sì mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́ ọ̀kan kí n má dúpẹ́ ìkejì. Rífíkátù ní a kò ní dá lámbú lọ́dún yìí, kí ilẹ̀ sinmi. Mo ti tú àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ jáde nínú páálí.

Béjídé kò tíì rí ọyẹ́ rí. Mò ń rán aṣọ òtútù fún un, èyí tó nípọn, tó ní fìlà lẹ́yìn. Mo gé e tóbi díẹ̀, kí ó lè tún bá a mu nínú ọyẹ́ tí yóò tẹ̀ lé èyí.

Ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ jẹ́ kí Dàpọ̀ sùn tó.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tó ṣì wà ní Jọ́ọ̀sì.