Ẹ Má Tíì Tan Iná Bọ́ọ̀sì

Bùrọ̀dá Dieudonné, ẹ má tíì tan iná bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ̀ ń gbé inú ẹ̀ yẹn o. Láàárọ̀, Bàbá àgbà rí ínfátà méjèèjì tẹ́ ẹ so pọ̀, wọ́n ní irin ni, ti Ògún ni, ni wọ́n bá da epo pupa lé ọ̀kan lórí. Donc, ìyẹn ni pé epo ti wọ inú ẹ̀. Mo ti yọ wáyà bátìrì. Ẹ má tan èkejì nìkan, ẹ̀yin náà lẹ sọ pé wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jágbe mọ́ Bàbá. Wọ́n ní iná mànàmáná ló pa Pápá wa, àwọn ò fẹ́ kó mú ẹ̀yin náà. Wọ́n ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, wọn ò tíì jẹun. Mo ti lọ síléèwé. Mo bu ẹ̀bà ẹ̀yin méjèèjì sínú abọ́ kan náà.

Fortunée