Ìwé Tí Mo Ní Mò Ń Kà

Bùnmi, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Ẹ kú ìfaradà òtútù ọ̀hún. Ní Festac níbí, mo ti tún òrùlé tó ń jò ṣe, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi náà sì ti wálẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwa òǹkàwé àdúgbò pàdé nílé Màmá Seth. Àwa mọ́kànlá la bẹ̀rẹ̀, a ti wá ku mẹ́rin. Oníkálukú sọ ìwé tó ń kà lọ́wọ́. Nígbà tó kàn mí, mo ní èyí tí Raodah tó ń ta aṣọ ní Agboju yá mi ni.

Raodah, tó jókòó láàárín wa, ní, "Àǹtí, orí kelòó lẹ dé?"

Mo ní orí keje.

Ó ní, "Àǹtí, ewì ló wà nínú ìwé yẹn. Kò ní orí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bùnmi, ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún: ojú mi ti ń lọ. Ó tó oṣù márùn-ún tí n kò ti lè kàwé. Dókítà ní oògùn tí mò ń kán sí i lè dá ìyókù dúró, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ kò ní padà. Lẹ́tà yìí gan-an, bí mo ṣe kọ ọ́ gàdàgbà tó, n kò lè kà á padà.

Ọlọ́run á ṣọ́ gbogbo yín, ojú yín kò ní ríbi.

Jọ̀ọ́, máa ka ojú ìwé kan sórí fóònù fún mi lójoojúmọ́. Ìwé yòówù tí o bá ń kà, ibi tí o bá a dé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Má sáré kà á. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn èèyàn kẹ́yìn nínú ilé yìí.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ajíbọ́lá