Màmá Veju Mavji, Tó Ní Kí Obìnrin Máa Mu Omi Lọ́sàn-án (1951–2023)

Ọdún 1951 ni a bí Màmá wa Veju ní abúlé kan létí aṣálẹ̀ iyọ̀ Kutch, sínú ìdílé Khoda. Iṣẹ́ iyọ̀ ni wọ́n jogún. Màmá kò ka ìwé kọjá kíláàsì kejì, nítorí bí òjò bá ti dá ni ìdílé ń kó wọnú aṣálẹ̀, ó di ìgbà tí òjò mìíràn bá ṣú kí wọ́n tó padà.

Ní 1969, wọ́n fẹ́ Mavji. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ. Kanku ni àkọ́bí.

Aṣálẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí igbó tí obìnrin lè sá sí kó tọ̀. Nítorí náà, láti ìdájí títí oòrùn yóò fi wọ̀, obìnrin kì í fi omi kan ẹnu. Bí ìyá ọkọ ṣe kọ́ Màmá nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe kọ́ Kanku.

Ní oṣù kẹrin 1991, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Kanku nígbàkúùgbà tó bá nàró. Àwọn ará ilé ní ojú burúkú èèyàn ló wò ó, wọ́n so okùn dúdú mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Ìyá, òǹgbẹ ń gbẹ mí gan-an o.”

“Gbé itọ́ mì. Oòrùn ò ní pẹ́ wọ̀. Àbí o fẹ́ káwọn ọkùnrin wọ̀nyí máa wò ọ́ ni?”

Kanku bẹ̀rẹ̀ ó ń wọ́ iyọ̀ jọ. Bó ṣe nàró ló ṣubú, orí rẹ̀ gbá irin ẹ̀rọ tó ń fa omi iyọ̀ láti inú ilẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Kò dìde mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan, Farzana, ló là á yé Màmá. “Béèyàn bá nàró, ẹ̀jẹ̀ á fẹ́ ṣàn lọ sẹ́sẹ̀. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ kí iṣan fún pọ̀, kí ọkàn yára, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ má bàa já wálẹ̀. Tómi ara bá ti gbẹ, ẹ̀jẹ̀ á dínkù. Ọpọlọ á pàṣẹ títí, kò ní rí ẹ̀jẹ̀ tó máa gòkè wá bá a.”

“Ṣé èmi ni mo pa á nìyẹn?”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Màmá dọ́jọ́ ikú, wọ́n sì kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn yìí.

Lọ́sẹ̀ yẹn, Màmá fi àpò iyọ̀ àtijọ́ àti ọ̀pá mẹ́rin ṣe ilé ìtọ̀ sáàárín aṣálẹ̀.

“Ìyàwó, ṣé o fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ò ń lọ tọ̀ ni?” ni ìyá ọkọ wí.

“Kí wọ́n mọ̀, Ìyá. Ẹni tó ń tọ̀ ò tíì kú.”

Bàbá wa Mavji kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ṣọ́bìrì, wọ́n gbẹ́ kòtò rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá fi gbé ìkòkò omi kiri, wọ́n á dúró ti obìnrin títí yóò fi mu ún. Wọ́n ń gbààwẹ̀ fún òrìṣà wọn déédéé, ṣùgbọ́n wọ́n ń mu omi nínú rẹ̀. Wọ́n ní òrìṣà àwọn kì í ṣe ìyá ọkọ.

Màmá papòdà ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní, 2023. A sun òkú wọn, ṣùgbọ́n iyọ̀ máa ń mú ẹsẹ̀ oníyọ̀ le débi pé iná kì í jó o tán. A sin ẹsẹ̀ Màmá sínú iyọ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kanku.

Wọ́n fi ọkọ wọn sáyé lọ, àti àwọn ọmọ wọn Ratan, Devshi, Jasu, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mọ́kànlá.

Ẹ sùn re, Màmá. Ohun tí wọ́n bá ń mu lọ́hùn-ún ni kí ẹ bá wọn mu. Bí ẹ bá sì rí Kanku, ẹ bu omi fún un, lọ́sàn-án gangan.