Iná Pupa Tí A Ò Kà Sí

Ilé Alájì Bẹ̀llò,
Kalpohin,
Tamale.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Gbèsè ni kí a kọ́kọ́ yanjú, kí ìkíni lè wọlé láìfẹsẹ̀kọ. Ike òrí tí mo jẹ yín láti Iléyá ti wà lọ́wọ́ awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó mú lẹ́tà yìí wá. Èyí tí mo wé sínú ọ̀rá lórí rẹ̀ kì í ṣe ara gbèsè o, èènì ni. Ẹ má wá sọ pé ike mi kò kún.

Ó yá, ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Ṣé táyà ń tà ní Kùmásì fún Bàbá Farouk? Àwa níbí dúpẹ́. Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti là, ṣùgbọ́n àgbàdo ti wọlé, ètè tó là náà la fi ń ná ọjà.

Ọ̀rọ̀ Farouk ọmọ yín ló mú mi kọ̀wé. Ẹ ní bí ìkórè yìí bá kọjá tí kò rí ẹni ra ẹ̀rọ rẹ̀, kó kúrò lọ́dọ̀ mi, kó wá bá bàbá rẹ̀ ta táyà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gumani lẹ́nu àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí mo wà níbẹ̀.

Ẹ mọ ẹ̀rọ náà: kò ju rímóòtù tẹlifíṣọ̀n lọ, ó ní ọ̀pá gígùn lẹ́nu. Ẹ ó ki ọ̀pá yẹn bọ inú àpò àgbàdo, yóò sọ bóyá ó gbẹ tàbí ó ṣì tutù. Eyín lèmi fi ń dán tèmi wò láti kékeré, ṣùgbọ́n eyín ń dín kù, àgbàdo ń pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ mọṣẹ́, bátìrì inú rẹ̀ ló ya aláìgbọràn. Ti àkọ́kọ́, wọ́n so ó mọ́ iná títí ó fi wú bí kóóse, àkàrà tiwa níbí, nínú òróró, gbogbo ilé sì sá síta. Farouk wá to àwọn wáyà kéékèèké kan tí yóò máa dá iná dúró fúnra wọn bí bátìrì bá ti yó. Mo ní, "Ta ní ń wọn ọjà láìfi èènì sí i? Jẹ́ kó gbà díẹ̀ sí i." Ó ní, "Àǹtí, èènì yẹn ló pa ti àkọ́kọ́."

Ó kù bí a ó ṣe máa mọ agbára tó ṣẹ́kù. Ó fi iná kéékèèké sí i lójú, aláwọ̀ ewé ṣáájú, pupa ló kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi, bátìrì mọ irọ́ pa! Bó bá jókòó jẹ́ẹ́, á ní òun yó. Ẹ ní kó ṣiṣẹ́, á ní òun ń kú lọ. Mo ní bí Bàbá Hafeezah, ọkọ mi, ló ṣe ń ṣe: lórí àga, ara rẹ̀ le bí òkúta, ní kó bá ọ gbé àpò kan, á ní ẹ̀yìn ń dun òun. Farouk rẹ́rìn-ín títí, ó ní òun kò ní bi bátìrì léèrè mọ́. Òun yóò máa ka èyí tó ń wọlé sí i àti èyí tó ń jáde, bí mo ṣe máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibi tí mo kó àpò sí. Mo ní ẹ̀jẹ̀ mi wà lára ọmọ yìí.

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn mi ti wọlé. Ọlọ́jà kì í jẹ́ kí oníbàárà rí ìdí igbá. Mo ní kó jẹ́ kí pupa tàn nígbà tí nǹkan ṣì wà nísàlẹ̀, kí ẹni tó ń lò ó lè rí àyè wá iná. Ó ṣe é, ó sì dára. Àfi pé inú mi dùn jù, mo rò ó fún gbogbo ilé.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bẹ̀rù pupa mọ́. Hafeezah á lò ó, pupa á tàn, á ní, "Ẹ fi sílẹ̀ jàre, pupa Màmá ni." Bàbá rẹ̀ tí kì í dá sí nǹkan á máa ki ọ̀pá bọ inú gààrí, inú ìrẹsì, títí kan inú bàtà rẹ̀. Bí mo bá pariwo, á ní, "Ṣebí nǹkan ṣì wà ní ìdí igbá?"

Ní Sọ́ńdè, a gbéra lọ sọ́dọ̀ Hájíà Asana ní Gumani, olórí àwọn obìnrin tó ń ra àgbàdo níbẹ̀. Farouk ń wa alùpùpù, èmi di ẹ̀rọ mú lẹ́yìn. Ó bi mí bóyá iná rẹ̀ dára. Mo rí pupa, mo ní ó dára. Wàlláhì, mi ò mọ̀ pé Hafeezah ti lo ìdí igbá, tí ọkọ mi sì ti fi bàtà lá èyí tó kù.

Àwọn obìnrin pé jọ. Farouk ki ọ̀pá bọ inú àpò tí Asana fẹ́ rà lọ́wọ́ ọkùnrin ọlọ́jà kan; ẹ̀rọ tàn lẹ́ẹ̀kan, ó kú fin-ín. Asana ní, "Ṣé àgbàdo yìí ló pa á ni?" Ẹ̀rín sọ. Kí ojú má baà tì wá, mo bu àgbàdo láti ìdí àpò, mo fi eyín tó kù jẹ ẹ́, mo ní ó tutù. Asana bu ti òkè, ó jẹ ẹ́, ó ní irọ́ ni mò ń pa. Ó kù díẹ̀ ká fa gèlè ara wa. Farouk kò dá sí wa. Ó tọrọ páwà báǹkì tí Asana fi ń fún fóònù rẹ̀ níná, ó so ẹ̀rọ mọ́ ọn, ó jókòó tì í. Nígbà tí a jẹ túò tán, ó tún ki ọ̀pá bọ inú àpò náà, lókè àti nísàlẹ̀. Òkè àpò gbẹ, ìdí rẹ̀ tutù! Ọlọ́jà náà ò fẹ́ kí Asana rí ìdí igbá. Ẹ wá wo bí ọkùnrin náà ṣe ń wá bàtà rẹ̀ kó lè sá lọ.

Asana mú ẹ̀rọ kan lọ lánàá láti dán an wò. Farouk ti tún un ṣe: nǹkan ṣì wà lẹ́yìn pupa, ṣùgbọ́n kò sọ bó ti pọ̀ tó fún ẹnikẹ́ni, kò sọ ọ́ fún èmi pàápàá. Ní báyìí, bí pupa bá tàn, ọkọ mi ló ń kọ́kọ́ sáré lọ so ó mọ́ iná, ẹ̀yìn kò sì dùn ún.

Asana ń bọ̀ ní Sọ́ńdè láti wá sọ iye tí àwọn obìnrin rẹ̀ máa gbà. Ṣùgbọ́n ó ti wí fún mi gbangba: òun kò ní ra ẹ̀rọ tí ẹni tó ṣe é ti lọ ta táyà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà dúró tì mí.

Ẹ bá mi kí Bàbá Farouk, ẹ ní mo bọ̀wọ̀ fún táyà rẹ̀. Ẹ kí gbogbo ilé. Awakọ̀ yìí ń padà bọ̀ ní Sátidé; ẹ fi èsì rán an. Sátidé ni mo wí o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má rò pé mo fi ọjọ́ kan pamọ́ sí ìdí igbá.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Ròkíátù, Ìyá Hafeezah.