Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Lórí Ilé Ọtí Ìtí Àlìkámà

Ilé Kẹrin, Òpópó Pọ́ǹpù,
Abúlé Aldercote,
Suffolk.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹsàn-án, 1954.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ojú Ọ̀nà àti Ilé Àtijọ́,
Ìlú Thornmere.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ ṢE TORÍ Ọ̀RỌ̀ MI WÓ ILÉ ỌTÍ ÌTÍ ÀLÌKÁMÀ

1. Èmi ni Keziah Stammers, opó, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. N kò mọ̀wé. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi wà nílé ẹ̀kọ́, òkúta ni mò ń ṣà kúrò nínú oko olóko. Thirza, àbúrò ọkọ mi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

2. Ní oṣù Kẹfà, Ọ̀gbẹ́ni Peverell, òṣìṣẹ́ yín, kan ilẹ̀kùn ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tó wà ní òpópó wa. Ó bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ máa ń wọ ilé ọtí yẹn?" Mo ní, "Èmi kẹ̀? Ẹsẹ̀ mi ò tẹ ibẹ̀ rí." Thirza jókòó sórí àga mi, ó ń mu tíì. Ó ní, "Tèmi náà ò tẹ ibẹ̀." Ọ̀gbẹ́ni náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

3. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ kan ìwé mọ́ ara pọ́ǹpù omi pé obìnrin mọ́kànlá ló jẹ́rìí pé ilé náà kò wúlò fún wọn, àti pé ẹ ó wó o ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá kí ọkọ̀ akẹ́rù lè rí ọ̀nà yà. Wilf Garrod tó ni ilé ọtí náà ló kà á sí mi létí. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ìyá Stammers, ọ̀rọ̀ tiyín ni wọ́n fi ṣáájú." Ìbá sàn kó bú mi.

4. Ní ti àṣà wa, irọ́ kọ́ ni mo pa. Gbogbo wa la jẹ́jẹ̀ẹ́ àìmutí ní ilé ìsìn kékeré tó wà lókè òpópó. Ṣùgbọ́n ilé ọtí náà ní fèrèsé kan lẹ́yìn. Obìnrin á gba àgbàlá kọjá, á fi aṣọ bo jọ́ọ̀gì rẹ̀, á nà án sínú, wọn á bu bíà sí i, á gbé e relé. Lọ́dọ̀ wa, ìyẹn kì í ṣe wíwọlé. Bí ẹni méjì bá sì pàdé níbẹ̀, wọn kò ríra wọn. Ọ̀gbẹ́ni Peverell kì í ṣe ọmọ ibí, kò mọ bí a ṣe ń béèrè. Àwa la mọ̀, a sì jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi wa ni.

5. Ibí yìí ni Thirza ti gbé gègé sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé ẹ fẹ́ kí n kọ èyí? Bí alàgbà ìjọ bá kà á ńkọ́?" Mo ní, "Kó kà á. Ṣé kì í ṣe ìyàwó tirẹ̀ ló máa ń já síwájú wa lórí ìlà níbi fèrèsé náà ni?" Ó tún gbé gègé.

6. Nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́, Amos ọkọ mi wà ní ilẹ̀ Faransé. Bí mo bá gbé lẹ́tà rẹ̀ lọ sí ilé ìsìn kí wọ́n bá mi kà á, gbogbo ìjọ ni yóò ti gbọ́ ọ kí n tó délé. Ẹ̀yìn fèrèsé yẹn ni Ellen Garrod, ìyá Wilf, ti ń kà á fún mi, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Òun ló ka tẹlígíráàmù tó sọ pé Amos ti kú sójú ogun. Mo ní kó tún un kà, ó tún un kà. Ó bu bíà sínú jọ́ọ̀gì mi bó ti máa ń ṣe nígbà tí Amos wà nílé. Mo gbé e délé, kò sẹ́ni tí yóò mu ún. Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń mu ún.

7. Ilé ọtí mẹ́ta ló wà ní òpópó yìí nígbà tí wọ́n gbé mi níyàwó. Èyí tó ń jẹ́ Agogo ti di ilé àjèjì kan tí kì í ṣí aṣọ fèrèsé. Èyí tó ń jẹ́ Ẹṣin Funfun ti di ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. Nígbà tí wọ́n ń ti ìwọ̀nyẹn pa, a ní kò kàn wá, a kì í ṣe ọ̀mùtí. N kò gbàgbé pé mo wà lára àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀.

8. Mo bẹ̀ yín, ẹ fagi lé ẹ̀rí mi kí ọjọ́ yẹn tó pé. Ẹ rán Ọ̀gbẹ́ni Peverell padà wá, ṣùgbọ́n kó má kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Kó wo òkúta àtẹ̀wọlé tó wà níwájú ilé ọtí náà: ó ṣì tẹ́jú. Lẹ́yìn náà, kó gba àgbàlá lọ wo ti abẹ́ fèrèsé. Ó ti jẹ sínú débi pé omi òjò ń dúró sí i, adìyẹ Garrod ń mu níbẹ̀. Ẹsẹ̀ àwa tí a kò wọbẹ̀ rí ló jẹ ẹ́. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ dípò ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ ṣeun tí ẹ fetí sí mi.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú àbámọ̀,

X
Àmì ọwọ́ Keziah Stammers, Opó.

Ẹlẹ́rìí àti akọ̀wé: Thirza Stammers, Omidan. Èmi náà máa ń lọ. Jọ́ọ̀gì tèmi ni èyí tó ní ìlà búlúù.