Téèpù Tó Ń Nà Nínú Fídíò Kànga Wa

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, ọkọ mi,

Fídíò ni kí a to àwòrán púpọ̀ tẹ̀lé ara wọn, kí a máa ṣí wọn kíákíá níkọ̀ọ̀kan, títí ojú yóò fi gbà pé ohun tó wà nínú wọn ń rìn. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí o lè mọ̀ pé àlàyé tí o ṣe lórí fóònù yé mi, àti pé kì í ṣe àìmọ̀kan ló mú mi kọ ohun tí mo fẹ́ kọ sí ọ yìí.

Báwo ni ara rẹ? Ṣé o ń sùn dáadáa? Ṣé o ń jẹun kí o tó jókòó ti kọ̀ǹpútà? Àwa náà wà, a dúpẹ́, bí a bá yọ ti orúnkún mi kúrò. Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní jẹ́ kí a fẹ́ ọ kù níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò sì ní di àṣedànù. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní òun kò bínú mọ́ nítorí bàtà tí o fi ránṣẹ́, tó fún òun lẹ́sẹ̀, òun ti gé iwájú rẹ̀, atẹ́gùn sì ń wọlé dáadáa.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ajé. Nígbà àkọ́kọ́ tí a wò ó, n kò rí kànga, n kò rí korobá, n kò rí ara mi tí mo ń ju okùn sínú omi. Ọ̀pá búlúù mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni mo rí, tí wọ́n ń fò sókè sódò. Mo bi àbúrò rẹ obìnrin pé ta ló ri àwọn ọ̀pá wọ̀nyí mọ́lẹ̀ nídìí kànga láì sọ fún mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, kó tó là mí lọ́yẹ̀ pé ọ̀pá kọ̀ọ̀kan dúró fún Àbámẹ́ta kan nínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n omi sí, àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró fún oṣù kan, àwòrán méjìlá sì ni ọdún. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹta, ọdún ti parí. Bàbá rẹ wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ní òun ti fi ọdún mẹ́wàá kún ọjọ́ orí òun láàárọ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rán òun níṣẹ́ mọ́.

Àbúrò rẹ tún sọ pé ìwọ kọ́ lo fi ọwọ́ ya àwọn àwòrán náà, pé Páítọ̀nù tí o ń kọ iṣẹ́ fún nínú kọ̀ǹpútà ló yà wọ́n, òun náà ló sì so wọ́n pọ̀ di fídíò. Bá mi kí ọ̀gbẹ́ni náà púpọ̀. Ẹni tó bá ya àwòrán méjìlá láàárín ìṣẹ́jú kan láì béèrè omi mu, ọmọlúàbí ni. Ṣé ó níyàwó? Má jẹ́ kó máa fi ebi ṣiṣẹ́ o, kí àwọn òbí rẹ̀ má baà rò pé a kò kọ́ ọ nílé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. O mọ ohun tó bí ìwé kànga yìí. Nígbà tí omi gbẹ léṣìí, tí korobá ń gbé ẹrẹ̀ jáde, mo sọ ní ìpàdé àdúgbò pé kí a pe agbẹ́kànga kó gbẹ́ ẹ jìn sí i. Káfíńtà alága wa, tí gbogbo wa ń pè ní Kò-sí-wàhálà, ní omi wà, ẹnu wa ló pọ̀. Ó ní bí omi bá kéré lóòótọ́ kí n mú ẹ̀rí wá, pé àròyé kì í ṣe òṣùwọ̀n. Mo ní ó dára. Mo so òkúta mọ́ ìdí okùn, mo ta kókó sí i ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, mo fi téèpù ìránṣọ mi wọn àárín kókó sí kókó lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo àárọ̀ Àbámẹ́ta fún ọdún kan gbáko ni mo ń jù ú sínú kànga, tí mo ń ka iye kókó tí omi rin, tí mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Òjò pa mí níbẹ̀. Ibà mú mi lẹ́ẹ̀kan, bàbá rẹ ló di ẹ̀yìn aṣọ mi mú títí mo fi wọn ọ́n tán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo gbé fídíò náà lọ fún alága. Ó wò ó, ó tún un wò, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé èmi fúnra mi kò rí i, pé láti oṣù kìn-ín-ní títí dé ìkejìlá, kò sí oṣù kan tí ọ̀pá búlúù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè àwòrán; pé omi kún lóṣooṣù, ara kànga le, kí n lọ máa rán aṣọ mi. Ó tún ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi tó jẹ́rìí òtítọ́. Ọkọ mi, ojú tì mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé okùn mi ló purọ́.

Ṣùgbọ́n aránṣọ ni mí. Ogójì ọdún ni mo ti ń wọn ara ènìyàn, n kì í gbà pé aṣọ há ẹnikẹ́ni kí n tó wo téèpù. Mo délé, mo ní kí àbúrò rẹ dá fídíò dúró ní oṣù kẹta, tí omi kéré jù. Mo tẹ́ téèpù lé ojú fóònù: ọ̀pá tó ga jù jẹ́ íńṣì méjì. A lọ sí oṣù kẹsàn-án, tí omi kún jù. Íńṣì méjì náà ni. Mo ṣí ìwé mi: oṣù kẹta, ẹsẹ̀ mẹ́ta, oṣù kẹsàn-án, ẹsẹ̀ mọ́kànlélógún. Báwo ni mẹ́ta àti mọ́kànlélógún ṣe dọ́gba? Bàbá rẹ ní fóònù kékeré ni, ibi tí omi tó lè gbà mọ nìyẹn.

Ìgbà náà ni mo wọ awò ojú mi, tí mo rí àwọn nọ́ńbà wínníwínní tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Téèpù ni wọ́n. Ní oṣù kẹsàn-án, téèpù yẹn ka láti òdo dé méjìlélógún. Ní oṣù kẹta, láti òdo dé mẹ́ta lé díẹ̀. Àyè kan náà, téèpù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Páítọ̀nù ń na téèpù, ó sì ń sún un kì, kí ọ̀pá oṣù kọ̀ọ̀kan lè kún inú àwòrán tirẹ̀ dáadáa. Bí a bá wo oṣù kan ṣoṣo, kò sí àbùkù níbẹ̀, ó tilẹ̀ dùn ún wò. Ìgbà tí a so wọ́n pọ̀ ni irọ́ dé, torí ẹni tó ń wo fídíò kì í dúró ka nọ́ńbà, gíga ọ̀pá ló ń wò. Ó dà bí kí n fi téèpù tó ń nà bí rọ́bà wọn ọmọ ọdún mẹ́ta, kí n fi wọn bàbá rẹ, kí n wá ní ṣòkòtò kan náà ni yóò bá wọn mu.

Má bínú sí Páítọ̀nù o. Mo rò ó wò, mo rí i pé o kò sọ ìwọ̀n fún un ni. Ọmọṣẹ́ tí a bá ní kó rán aṣọ, tí a kò sọ bó ṣe máa gùn tó, gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀ ni yóò rán tán. Fún un ní nǹkan jẹ, kí o fi sùúrù bá a sọ ọ́.

Ìdí tí mo fi ń kánjú nìyí: ọjọ́ Ẹtì ni ìpàdé. Agbẹ́kànga wà ní àdúgbò kejì báyìí, Àbámẹ́ta ni yóò kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ bí a kò bá pè é, kò sì ní padà kí òjò tó dé, bẹ́ẹ̀ ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbẹ́ kànga jìn. Bí wọ́n bá gba ti alága, odò ẹ̀yìn òkè ni a ó tún máa lọ. Léṣìí, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mo gun òkè yẹn pẹ̀lú korobá lórí. N kò sọ fún ọ nígbà náà. Lọ́dún yìí, n kò lè gùn ún.

Bí ọwọ́ rẹ bá gbà á, fi owó okùn tuntun ránṣẹ́, torí èyí ti ń já. Ṣùgbọ́n má fi í sínú fídíò o, kíá ni nǹkan inú rẹ̀ ń kọjá lọ. Fi í ránṣẹ́ lọ́tọ̀. Àbúrò rẹ ni yóò ya lẹ́tà yìí ní fọ́tò fún ọ. Mo ti kọ àdírẹ́sì rẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kó má baà ṣìnà nínú fóònù.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọmọ tí yóò máa gbọ́ tìrẹ bí o ṣe ń gbọ́ tèmi. Ohun tí o bá so pọ̀ kò ní tú. Ọ̀nà rẹ yóò tẹ́jú.

Èmi ni ìyá rẹ.

Ohun tí o máa ṣe rèé. Sọ fún Páítọ̀nù pé láti òdo dé ẹsẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni téèpù gbogbo oṣù, kó má ṣe yí i. Kó kọ orúkọ oṣù gàdàgbà sókè, kó sì jẹ́ kí oṣù kọ̀ọ̀kan dúró díẹ̀, kí n lè pè é sókè fún wọn kó tó kọjá. Kí o tó so wọ́n pọ̀, gbé oṣù kẹta sẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù kẹsàn-án. Bí òkè ọ̀pá wọn bá ṣì dọ́gba, má tíì fi ránṣẹ́.